Fáìlì Ohun Ìṣeré ní Ọ̀bà-Ilé

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nígbà tí Bàbá Tòkunbọ̀ Akínsànyà ṣubú ní pálọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ọ̀bà-Ilé, ó ṣe bí òwe ṣe wí. Ó wo ẹ̀yìn. Mọ́tò ìṣeré pupa kan ló rí níbẹ̀, táyà rẹ̀ kan ti yọ, ó dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ sálúbàtà rẹ̀, kò sì jọ ohun tó lè gbé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ṣánlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti gbé e ṣánlẹ̀ ná. Ọrùn ọwọ́ òsì Bàbá sán, wọ́n sì fi P.O.P. dì í fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ká sọ tòótọ́, ilé náà kò kéré. Àwọn ohun ìṣeré ló ti gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Búlọ́ọ̀kù oníke wà lábẹ́ tìmùtìmù, bèbí kan ń gbé inú agbọ̀n àlùbọ́sà, bọ́ọ̀lù wà ní ilé ìwẹ̀, fèrè kan sì wà tó jẹ́ pé ìgbà tí ènìyàn bá jókòó lé e nìkan ni wọ́n máa ń rántí rẹ̀. Fọlákẹ́ tó ni ilé ti pariwo títí ó fi sú u. Ó ra ike ńlá kan tó ní ìdérí kí àwọn ọmọ máa kó wọn sí. Wọ́n da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì sọ ike náà di ọkọ̀ ojú omi.

Àwọn ọmọ náà méjì ni. Títílọpẹ́ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, àbúrò rẹ̀ Olúwajùwọ́nlọ, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Jùwọ́n, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Bàbá Oǹdó ni wọ́n ń pe bàbá ìyá wọn, kí wọ́n má baà ṣì í mú fún Bàbá Ìkàrẹ́ tó bí bàbá wọn. Ọdún kan ààbọ̀ ni Bàbá Oǹdó ti fi gbé Ọ̀bà-Ilé lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé ibi tó yẹ kó wà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì tó ṣubú ni wọ́n pe ìpàdé. Adélaní, ọkọ Fọlákẹ́, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ní Alágbàká ní Àkúrẹ́, ó sì mọ bí a ṣe ń fi ọ̀wọ̀ wé ọ̀rọ̀ tó bá le.

"Bàbá, ẹ má bínú sà. Ilé yìí ti fẹ́ léwu fún yín. Ilé yín ní Oǹdó, gbalasa ni ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ ó lè máa nasẹ̀ níbẹ̀ dáadáa."

Fọlákẹ́ ní tirẹ̀ kò wé nǹkan kan. Òun náà ń ṣiṣẹ́ ní Alágbàká, kò sì ráyè. "Bàbá, a ò lé yín. Ṣùgbọ́n ta ló ń wà nílé lọ́sàn-án? Tí ẹ bá tún ṣubú, tó wá jẹ́ ìbàdí ńkọ́? Ó di ìparí oṣù yìí. Tí ohun ìṣeré bá ṣì wà nílẹ̀ pálọ̀ yìí nígbà náà, ẹ ó padà sí Oǹdó. Màá wá ẹni tí yóò máa se oúnjẹ fún yín."

Bàbá ní ó ti yé òun. Kọ́tìnì ẹnu ọ̀nà yàrá àwọn ọmọ mì díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kà á sí.

Ní Sátidé, Adélaní fi mọ́tò gbé Bàbá lọ sí Oǹdó kí wọ́n lọ wo ohun tó yẹ ní títúnṣe. Ọ̀gbẹ́ni Silas, olùkọ́ tó háyà yàrá méjì lẹ́yìnkùlé, jáde wá kí wọn kú àtìrìnàjò, ó kó kọ́kọ́rọ́ fún wọn, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Adélaní lọ wá ẹni tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe. Bàbá wá dá jókòó sí pálọ̀ ilé ara rẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Ilẹ̀ mọ́ lóòótọ́. Kò sí nǹkan kan nílẹ̀ tí ènìyàn lè kọ lẹ́sẹ̀. Ọdún kan gbáko ló fi dá gbé ibẹ̀ lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ kú. Nígbà náà, á jí ní Mọ́ńdè, kò sì ní gbọ́ ohùn ara rẹ̀ títí di Wẹ́sìdeè tí ẹni tó ń ta búrẹ́dì bá kọjá. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ gbangba, nítorí òun kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni: ẹ̀rù ilé náà ń bà á. Nígbà tí Adélaní padà dé tó bi í léèrè pé ṣé ilé náà wù wọ́n, Bàbá ní, "Ó dára," òun ló sì kọ́kọ́ wọ mọ́tò.

Kí wọ́n tó dé Àkúrẹ́, ó ti mọ ohun tí òun máa ṣe.

Ọdún márùndínlógójì ni Bàbá fi ṣiṣẹ́ ní rẹ́jísìtìrì ní sẹkitéríàtì. Rẹ́jísìtìrì ni ibi tí fáìlì ìjọba ń sùn, fáìlì kan kì í sì í jáde níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan béèrè rẹ̀, ẹlòmíràn fọwọ́ sí i, ẹni kẹta sì kọ ọ́ sínú ìwé. Láyé Bàbá, kò sí fáìlì tó wà nílẹ̀. Kò sì sí ẹni tó fi fáìlì ṣubú rí.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ọwọ́ kan ṣoṣo ṣa àwọn ohun ìṣeré náà jọ. Igba àti mẹ́rìnlá ni gbogbo wọn. Ó gba páálí núdù mẹ́fà lọ́wọ́ Ìyá Goodness, aládùúgbò tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó tò wọ́n sí yàrá tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì kọ nọ́ńbà sí wọn lára. Mọ́tò ní páálí tirẹ̀, bèbí ní tirẹ̀. Béárì onírun kan wọ páálí bèbí lẹ́yìn tí Bàbá ti ro ọ̀rọ̀ náà fún odidi ọ̀sán kan. Mọ́tò pupa tó gbé e ṣubú ni ó fún ní nọ́ńbà kìíní. Ó kọ K.I.V. sí i lára, èyí tí í ṣe pé a ṣì ń fojú sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn náà ló pe àwọn ọmọ, ó sì ka òfin fún wọn. Aago mẹ́rin sí márùn-ún ààbọ̀ ni rẹ́jísìtìrì yóò máa ṣí. Ẹni tó bá fẹ́ nǹkan yóò kọ lẹ́tà, yóò sọ ohun tó fẹ́ fi í ṣe. Ẹni tí kò bá tíì dá ti àkọ́kọ́ padà kò gbọ́dọ̀ béèrè òmíràn.

"Gbogbo ìgbà, sà?" Títílọpẹ́ béèrè.

"Gbogbo ìgbà tí ìjọba bá ń bẹ."

Lẹ́tà àkọ́kọ́ wọlé lọ́jọ́ náà gan-an. "Sà, mo fẹ́ gba bèbí onírun gígùn. Mo fẹ́ dì í nírun. Ẹ ṣeun." Bàbá fi bíírò pupa kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé kò sí déètì, ó sì dá a padà. Títílọpẹ́ lọ kọ déètì. Bàbá fọwọ́ sí i, ó gbé bèbí jáde, ó fi káàdì kékeré kan sí ààyè rẹ̀ nínú páálí kí ààyè náà má baà dá wà, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ńlá tó ń pè ní rẹ́jísítà pé ó gbọ́dọ̀ padà ní aago márùn-ún ààbọ̀. Ó padà ní aago márùn-ún ó kọjá ìṣẹ́jú ogún. Láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, inú Bàbá kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Kò pẹ́ tí Títílọpẹ́ fi mọ iṣẹ́ náà ju ẹni tó kọ́ ọ lọ. Ní ọjọ́ kẹrin, lẹ́tà rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ báyìí pé, "Mo fẹ́ kí ẹ wo lẹ́tà mi ti àná, èyí tí mi ò tíì gbọ́ èsì rẹ̀." Jùwọ́n ní tirẹ̀ kò mọ̀wé kọ. Bàbá ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa bá a kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà, bísíkíìtì kan fún lẹ́tà kan. Nígbà tí bísíkíìtì tán, lẹ́tà Jùwọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ lójú ọ̀nà. Bó bá béèrè, Títílọpẹ́ á ní òun ń ṣiṣẹ́ lé e lórí. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Inú ẹ̀jẹ̀ ló wà, láti ìhà méjèèjì.

Ohun kan ṣoṣo ni Jùwọ́n sì ń fẹ́ nínú igba àti mẹ́rìnlá. Mọ́tò pupa ni.

"Nọ́ńbà kìíní kò ṣeé yá," Bàbá wí fún un. "Ìwádìí ń lọ lọ́wọ́."

"Ìwádìí kí ni, sà?"

"Ìwádìí ìṣubú mi."

Jùwọ́n wo ojú rẹ̀. "Ṣé ẹ ò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́ ni?"

Bàbá kọ èyí náà sílẹ̀.

Pálọ̀ wá mọ́. Ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí iná lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Adélaní rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdáná láìfẹsẹ̀ kọ nǹkan kan, ó sì dúró níbẹ̀ nínú òkùnkùn, ó ń dúpẹ́. Ó mú Ọ̀gbẹ́ni Akínyẹmí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ibi iṣẹ́, wá wo àwọn páálí náà. Akínyẹmí ṣí rẹ́jísítà wò, ó mi orí. "Bàbá," ó wí, "ọ́fíìsì tiwa gan-an ò rí báyìí." Bàbá ní ó ti pẹ́ tí òun ti fura.

Ó wá ku ohun tí rẹ́jísítà ń sọ. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́tà mọ́kàndínlógún wọlé. Lọ́sẹ̀ kejì, méje. Lọ́sẹ̀ kẹta, ẹyọ kan kò wọlé. Lójoojúmọ́ ní aago mẹ́rin, Bàbá á ṣílẹ̀kùn yàrá, á jókòó sídìí tábìlì, á sì gbọ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń ju báàgì ilé-ìwé sílẹ̀ tí wọ́n ń sáré gba ẹ̀yìn ilé lọ sọ́dọ̀ Goodness, ọmọ Ìyá Goodness. Yanrìn wà níbẹ̀, agolo sàdíìnì wà níbẹ̀, ìdérí ìgò wà níbẹ̀ lọ súà. Ní aago márùn-ún ààbọ̀, Bàbá á kọ "Kò sí" síwájú déètì ọjọ́ náà, á fa igi lábẹ́ rẹ̀, á sì ti ilẹ̀kùn.

Fúráìdeè tó kẹ́yìn oṣù dé. Kí Fọlákẹ́ tó jáde lọ síbi iṣẹ́, ó dúró ní àárín pálọ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Bàbá, ẹ ti yege," ó wí. "Ọ̀rọ̀ Oǹdó ti parí. Ẹ máa gbé ibí." Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tó ń wẹ̀, ó jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà, ayọ̀ rẹ̀ sì gbé e dé aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Ní aago mẹ́rin, ó ṣílẹ̀kùn rẹ́jísìtìrì. Báàgì méjì bọ́ sílẹ̀ ní pálọ̀. Ẹsẹ̀ sáré kọjá. Ó gbọ́ ẹ̀rín Jùwọ́n ní òdìkejì ògiri, ó ń dún bí ẹni pé ìlú mìíràn ló wà. Ó wo àwọn páálí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó wo ilẹ̀ pálọ̀ láti ibi tó jókòó sí: ilẹ̀ gbalasa, kò sí nǹkan kan tí ènìyàn lè kọ lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wá yé e lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì dùn ún dé egungun, kì í ṣe egungun tó sán. Oǹdó tó ń sá fún ti wá bá a ní Ọ̀bà-Ilé, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi ọwọ́ kan ṣílẹ̀kùn fún un.

Ó jókòó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, nítorí àkókò iṣẹ́ ṣì ni. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó fi ẹsẹ̀ ti páálí kìíní dé pálọ̀, ó sì dà á sílẹ̀. Ó padà lọ mú ìkejì. Búlọ́ọ̀kù fọ́n ká dé abẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Bèbí ṣubú lé bèbí. Nígbà tó da ìkẹfà tán, ó rí i pé òun dúró sí àárín ohun ìṣeré igba àti mẹ́rìnlá, ìbàdí méjì ṣoṣo ni òun sì ní. Ó wá fara balẹ̀ jókòó sílẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó délẹ̀.

"Títílọpẹ́! Jùwọ́n!"

Wọ́n sáré dé ẹnu ọ̀nà, Goodness wà lẹ́yìn wọn, yanrìn kún ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n dúró síbẹ̀, wọn ò wọlé.

"A ò kọ lẹ́tà kankan o, sà," Títílọpẹ́ wí.

"Mo mọ̀."

"Ta ló wá fọwọ́ sí i?"

"Kò sẹ́ni tó fọwọ́ sí i."

Títílọpẹ́ ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ kọ ìwé ẹ̀sùn. Jùwọ́n kò dúró gbọ́ ẹjọ́. Ó ti rí mọ́tò pupa láti ẹnu ọ̀nà, ó sì ti gbé e.

"Ṣé ìwádìí ti parí, sà?"

"Ó ti parí."

"Ta ló jẹ̀bi?"

"Èmi ni," Bàbá wí. "Wá jókòó."

Wọ́n jókòó. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ Bàbá fi di títì tó ti Àkúrẹ́ lọ sí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, orúnkún rẹ̀ di òkè, ọwọ́ tí P.O.P. wà di afárá odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Goodness ń gba owó lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ ní ìdí afárá. Béárì ni wọ́n fi ṣe èrò ọkọ̀. Wọ́n ní kí Bàbá má mira, nítorí òkè kì í mira, kò sì mira. Ó sì gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń pariwo "Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ kan ṣoṣo! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín!" bí ẹni tí kò fi ọjọ́ kan ṣiṣẹ́ ìjọba rí.

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn nígbà tí Fọlákẹ́ wọlé. Ọjọ́ Fúráìdeè ni, wọ́n tètè ṣíwọ́ ní Alágbàká. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, báàgì wà ní apá rẹ̀. Ó wo ilẹ̀ títí. Gbogbo ọkọ̀ tó ń lọ sí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ dúró.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, mà," Títílọpẹ́ wí.

"Èmi ni," Jùwọ́n wí.

"Èmi ni, mà," Goodness wí, ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilé náà rárá.

Fọlákẹ́ kò tíì sọ nǹkan kan tí Jùwọ́n fi bú sẹ́kún. "Ẹ má lé Bàbá Oǹdó lọ! A ò ní ṣeré mọ́!"

"Kí ló ń sọ?" Fọlákẹ́ bi Títílọpẹ́ léèrè.

Ọmọ náà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "A gbọ́ nígbà tí ẹ ń ṣèpàdé, mà. Ẹ ní tí nǹkan bá wà nílẹ̀, Bàbá Oǹdó máa lọ. A kọ́kọ́ ń kọ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n Jùwọ́n máa ń gbàgbé nǹkan sílẹ̀. Mo wá ní ká má gba nǹkan kan mọ́, ká máa lọ ṣeré lọ́dọ̀ Goodness, kí ilẹ̀ lè mọ́, kí Bàbá lè dúró."

Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni Bàbá ti fi ń kọ "Kò sí" sínú ìwé. Kò mọ̀ pé èyí ni ohun tó ń kọ. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì fọwọ́ nù ún, nítorí ọwọ́ kan di, ìkejì ni Jùwọ́n dì mú.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti ká Bàbá lára, ohùn Oǹdó ló máa ń bọ́ sí. "Fọlákẹ́, ọma mi," ó wí, "irọ́ ni gbogbo wọn ń pa. Èmi ni mo dà á sílẹ̀. Bó bá jẹ́ Oǹdó ni, màá lọ lọ́la. Ṣùgbọ́n kí n wà níbí kí ilẹ̀ máa mọ́ láìsí wọn, mi ò lè ṣe é."

Fọlákẹ́ ń wo bí bàbá rẹ̀ ṣe jókòó, ẹsẹ̀ méjèèjì nínà gbalaja, mọ́tò lórí orúnkún.

"Mi ò rí yín nílẹ̀ báyìí rí," ó wí.

"Kò sẹ́ni tó pè mí rí."

"Mo pè yín." Kò gbé ohùn sókè, bí ẹni tó ń sọ aago tó lù ló ṣe sọ ọ́. "Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà náà. Mo gbé bèbí mi wá síwájú yín, mo ní kí ẹ jẹ́ bàbá rẹ̀. Ẹ ní kí n lọ bá màmá mi, pé fáìlì wà nílẹ̀."

Fáìlì tí wọ́n bá ti wá fún ọdún mẹ́wàá ní sẹkitéríàtì tí wọn ò rí, Bàbá ni wọ́n máa ń pè, á sì rí i kí omi tó hó. Ó wá ọjọ́ yìí nínú orí rẹ̀. Ó wá a láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò rí i.

"Má bínú," ó wí. "Ó yẹ kí n ti wá."

Fọlákẹ́ gbé báàgì rẹ̀ kọ́. Ó bọ́ bàtà. Ó fi ẹsẹ̀ gbá búlọ́ọ̀kù díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ẹ sún," ó sì jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ọ́fíìsì lọ́rùn. Jùwọ́n nu imú, ó ní kí Mọ́mì na ẹsẹ̀ tiwọn náà kí títì lè dé Ọ̀wọ̀.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí Adélaní dé. Ó ṣílẹ̀kùn, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, kò rí ibi tí yóò gbé e sí. Ó wo ohun ìṣeré tó kún ilẹ̀, ó wo àwọn páálí tó ṣófo lẹ́nu ọ̀nà yàrá Bàbá, ó sì rò pé ẹrù ni wọ́n fẹ́ fi dì.

"Ṣé Bàbá ti ń lọ ni?"

"Rárá o," Fọlákẹ́ dá a lóhùn láti ilẹ̀. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."